Ìwé Kò Mọ̀ Pé Àwìn Ni Wọ́n Ń Rà Lọ́wọ́ Mi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó ìwé títẹ̀ lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó máa ń pàtẹ ní Ọjà Ọba ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín. Ọ̀sẹ̀ tí owó ò bá sí, mo máa ń yá a kà lọ́wọ́ bàbá tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ má bínú sí mi lórí ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kan kọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní ohun tó fà á tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń yí lójú kan náà ni pé a kì í ka ìwé: ìwé òwò, ìwé bí èèyàn ṣe ń tún ìwà àti iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ní ká máa jí ní aago márùn-ún ìdájí. Ó ní ká kọ ohun tá a fẹ́ dà sára ògiri. Ó ní ká jáwọ́ lára oníbàárà tí kò mú owó ńlá wá.

Ọ̀gá, èmi ka àwọn ìwé yẹn. Mo kà wọ́n, mo sì ṣe ohun tí wọ́n wí, ẹ̀rí ẹ̀ wà lára aṣọ. Ìwé náà kò parọ́, àmọ́ kò wọ àgbàlá mi rí. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì láìbá a jiyàn, á jẹ gbèsè. Èmi jẹ ẹ́.

Aṣọ kàǹpálà ni mo ń ṣe, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí. Ìyá tó bí ìyá mi, ewé elú ló ń gún, ìkòkò amọ̀ ló fi ń rẹ aró. Èmi ti bọ́ sídìí dáì inú ike, ìda àti fóòmù. Ẹ mọ̀ pé ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nígbà tá a wà lọ́mọdé ni pé nígbà tí Láàróyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú wa dó, gé igi kan létí odò, igi wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ohùn kan wá ké jáde látinú omi pé, "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi!" Bẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, ọjà ẹnì kan tó bàjẹ́ ni wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kó mi sídìí ìwé. Ó máa ń ra àlòkù lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lágbègbè Ọláìyá. Tó bá ti kà á tán, á gbé e sórí àga mi. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo lè ka gẹ̀ẹ́sì bí kò bá ti ní ìbínú nínú.

Ọ̀rọ̀ jíjí ní aago márùn-ún, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Kí aago márùn-ún tó lù, àwa obìnrin agbo ilé wa ti pọn omi, a ti gbálẹ̀, a ti dáná. Tó bá jẹ́ pé jíjí ní kùtù ló ń sọ èèyàn di olówó, àwọn alákàrà Òṣogbo ni ì bá máa fi ọkọ̀ òfúrufú ṣeré.

Ti aago ìṣẹ́jú 25 ni kẹ́ ẹ jẹ́ n sọ. Ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Francesco Cirillo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tó ṣì ń kàwé, lápá ìparí àwọn ọdún 1980. Aago ilé ìdáná kan tó rí bíi tòmátì ló lò. Á yí i sí ìṣẹ́jú 25, á kọjú mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo títí aago á fi dún, á wá sinmi ìṣẹ́jú 5. Mo ní kí ọmọ mi ṣe é sórí fóònù fún mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó ti ìwé owó mi. Ìṣẹ́jú kẹta ni ìyá ọlọ́bẹ̀ ojú kejì kọjá: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aláró." Ìwé ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀yin ẹ dán an wò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo dorí kodò. Ìyá kí mi lẹ́ẹ̀kejì, mo tún dorí kodò. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, agbo ilé mẹ́ta ti gbọ́ pé mo ń yan ìyá ọlọ́bẹ̀ lódì, wọ́n sì ti bá wa wá ohun tá a jà sí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Mi ò ju aago náà nù ṣá o. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo gbé e lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti dá. Ìṣẹ́jú 25 péré: èló ló wọlé, èló ló jáde, ta ló jẹ mí. Tẹ́lẹ̀, orí ni mo fi ń ro gbogbo ẹ̀, orí kì í sì í rántí owó tí ọmọ tọrọ.

Ìwé owó alẹ́ yìí gan-an ló kó mi sí wàhálà ẹlẹ́ẹ̀kejì, òun náà ló sì yọ mí.

Ẹni tó bá ti ka ìwé òwò méjì á ti pàdé 80 àti 20. Ọmọ Ítálì mìíràn, Vilfredo Pareto, ló ṣàkíyèsí pé ìwọ̀nba èèyàn kéréje ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìlú wọn. (Ẹ bá mi bi wọ́n ohun tí wọ́n ń jẹ ní Ítálì.) Joseph Juran ní Amẹ́ríkà ló wá gbé e wọ ilé iṣẹ́, pé nínú ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń ṣe, díẹ̀ níbẹ̀ ló ń bí púpọ̀, nǹkan bí 20 nínú 100 ló ń bí 80. Àwọn tó ń kọ ìwé wá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà: wá àwọn díẹ̀ tó ń mú owó púpọ̀ wá, kó o sì fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Mo ṣí ìwé mi, mo ka oníbàárà 34. Àwọn 7 ló ń ra èyí tó pọ̀ jù, àwọn obìnrin ọ́fíìsì, ọ̀kan tó ń bá wọn kó aṣọ ẹbí jọ, ọ̀kan tó ń gbé e lọ sí Ìbàdàn. Àwọn 27 tó kù, yáàdì méjì, yáàdì mẹ́ta, wọ́n á sì ná an títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu mi. Ni mo bá kọ ọ́ sórí pátákó: A KÌ Í TA DÍN NÍ YÁÀDÌ MÁRÙN-ÚN.

Oṣù àkọ́kọ́, ara tù mí. Kò sí ariwo, kò sí "ẹ bá mi dín in kù, Ìyá." Oṣù kejì, mo fẹ́ lọ ra aṣọ funfun àti kọ́sítíìkì tá a fi ń po dáì, mo na ọwọ́ sínú àpò, àpò ṣófo. Ó yà mí lẹ́nu, torí ìwé mi ní mo tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tan iná fóònù sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wá rí ohun tó wà níwájú orúkọ àwọn 7 yẹn: "ìparí oṣù," "tí wọ́n bá sanwó oṣù fún wa," "lẹ́yìn ìnáwó." Àwìn ni gbogbo ẹ̀! Àwọn oníyáàdì méjì tí mo lé lọ, owó lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń san. Owó wọn ló ń ra kọ́sítíìkì, òun ló ń san owó omi, òun náà ni àwọn ọmọṣẹ́ fi ń jẹun ọ̀sán.

Níbi tí wọ́n ti kọ ìwé yẹn, ẹni tó bá ra ọjà sábà máa ń sanwó kó tó gbé e kúrò níwájú ọlọ́jà. Lọ́dọ̀ tiwa, àárín ohun tí oníbàárà rà àti ohun tó san jìn bí ọ̀nà rélùwéè láti Òṣogbo dé Kánò, ọkọ̀ náà sì lè má tètè dé.

Mo fi pátákó yẹn dáná. Nínú àwọn 27, àwọn 19 padà wá. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò padà, nọ́ọ̀sì ni, ó máa ń ra yáàdì méjì fún ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́dọọdún. Mo ṣì ń wò ó bó ṣe ń kọjá.

Ibi tí mo ti wá gba ti Pareto nìyí. Mo tún ìwé náà kà, àmọ́ dípò kí n ka ẹni tó ń rà, mo ka ẹni tí owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú 34, àwọn 4 péré ló gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo gbèsè náà dání. Bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó jẹ mí ní ₦1,000, ₦1,500 ni mo máa ń lé kiri, torí wọn ò lẹ́nu. Mo fi àwọn yẹn lọ́rùn sílẹ̀, mo dojú kọ àwọn 4. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá sanwó oṣù, èmi ni àlejò àkọ́kọ́. Méjì san tán. Ọ̀kan san ààbọ̀. Ọ̀kan ṣì máa ń kí mi látinú mọ́tò, tó bá ti yí gíláàsì wálẹ̀ dé ìdajì.

Èyí tó wúlò fún mi jù, ọ̀dọ̀ aláṣọ bíi tèmi ló ti wá. Sakichi Toyoda, ará Japan, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ di Toyota tó kún títì wa yìí, kò fi mọ́tò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ ló ń ṣe. Ní 1924, ó ṣe ọ̀kan jáde tó jẹ́ pé bí òwú bá já báyìí, ẹ̀rọ á dá ara rẹ̀ dúró, kò ní hun aṣọ tó bàjẹ́ síwájú. Ọmọ rẹ̀ ló wá gbé e dórí mọ́tò. Sakichi yìí ni wọ́n sọ pé ó ní kéèyàn má gba ìdáhùn àkọ́kọ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Kó béèrè "kí ló fà á?" lẹ́ẹ̀marùn-ún. Taiichi Ohno ló wá sọ ọ́ di àṣà nílé iṣẹ́ mọ́tò wọn. Òun náà, ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ Toyoda ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní 1932.

Mo ti kà á, mo sì ti gbàgbé ẹ̀. Nígbà tó di oṣù August, tí ìlú ń kún nítorí ọdún Ọ̀ṣun, mo ta aṣọ búlúù méjìlá fún ẹgbẹ́ kan, ₦8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀rá dúdú kan wọlé. Kò kí mi. Ó tú aṣọ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó bu omi tí àwọn ọmọ ń mu, ó dà á lé e, ó fún un. Omi búlúù ń kán tó, tó, tó, sórí sálúbàtà mi.

Ó ní, "Ìyá, ṣé aṣọ lẹ tà fún mi ni àbí íǹkì?"

Gbogbo àdúgbò ń wò wá. Ọmọṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ Ìkìrun, òun ló po dáì lọ́jọ́ tá a rẹ aṣọ náà. Mo ti yíjú sí i, ẹnu mi ti ṣí, kí n sọ pé kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó dá mi dúró, bóyá ojú ọmọ náà ni. Mo bẹ oníbàárà kó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Kí ló fà á tí aṣọ fi ń ṣí? Dáì ò wọ inú ẹ̀, orí aṣọ ló dúró sí.

Kí ló fà á tí kò fi wọlé? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe iṣẹ́ yìí, dáì wa kì í yòrò nínú omi lásán. Omi gbígbóná, kọ́sítíìkì àti ìyẹ̀fun kan tá à ń pè ní háídírò ló ń tú u, kó tó lè wọ inú òwú. Tá a bá wá sá aṣọ, afẹ́fẹ́ á dá àwọ̀ rẹ̀ padà, á sì tì í mọ́ inú òwú. Ọmọ náà ní lọ́jọ́ yẹn, àwọ̀ omi inú ike kò yí padà bó ṣe máa ń yí. Ó jẹ́ pé háídírò kò ṣiṣẹ́.

Kí ló fà á? Mo ní kó gbé e wá. Ìyẹ̀fun tó yẹ kó máa dà wuuru ti dì, bí iyọ̀ tí òjò wọ̀.

Kí ló fà á tó fi dì? Ọ̀rinrin ni ọ̀tá háídírò. Òjò ń rọ̀, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo korobá rẹ̀. Korobá náà ò ní ìdérí.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún: kí ló dé tí kò ní ìdérí?

Ọmọ Ìkìrun wolẹ̀. Mo tún béèrè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Mo ní, "Mi ò ní kó o bẹ̀ mí, mo ní kí ló dé." Ó tún ní, "Ẹ má bínú." Ìgbà tí mo búra pé mi ò ní bá a wí ló tó sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ mú un, Mà."

Mo wo abẹ́ àga mi. Ìdérí korobá wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di abọ́ ìda láti nǹkan bí oṣù méjì, torí mi ò fẹ́ ná ₦1,500 lórí abọ́ tuntun. Ìda ti gbẹ mọ́ ọn lára bí ẹ̀kọ tó jóná mọ́ ìkòkò.

Mo dá ₦96,000 padà fún wọn, díẹ̀díẹ̀, títí dé October. Mo ra abọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí ìwé náà kò sọ, torí bóyá wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́, ni pé ìbéèrè márùn-ún yìí kò lè rìn níbi tí ọmọdé ò bá ti lè dá àgbà lóhùn. Ìdáhùn karùn-ún ti wà lẹ́nu ọmọ yẹn látìgbà tí mo ti béèrè ẹ̀ẹ̀kìíní. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ ọ ni kò jẹ́ kó jáde, èmi náà ni ì bá sì kọ́kọ́ sọ pé aláfojúdi ni tó bá jáde. Òfin tá a wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ni pé tá a bá ti ń béèrè "kí ló fà á," ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ pé "ẹ má bínú" títí a ó fi dé ẹ̀karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kúnlẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Àǹtí ọkọ mi gbọ́, ó ní mo ti ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mi ò tíì rí èsì fún un.

Kí n padà sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ ọ̀rọ̀. Ẹ ní a kì í kàwé. Àwọn mẹ́fà ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Méjì péré ló lè ka gẹ̀ẹ́sì tán ojú ewé kan, ẹ sì ń fẹ́ kí wọ́n jókòó ti ìwé olójú ewé 300. Ohun tí mo ń ṣe ni pé láràárọ̀ Mọ́ńdè, bá a ṣe ń di aṣọ, mo máa ń sọ ohun kan tí mo kà fún wọn ní Yorùbá, kí wọ́n bá a jà. Wọ́n sì ń bá a jà dáadáa. Nígbà tí mo sọ ti àfojúsùn ara ògiri, pé ká kọ iye owó tá a fẹ́ rí lọ́dún yìí gàdàgbà síbẹ̀, ọmọ Ìkìrun yìí náà ló sọ pé, "Ìyá, onílé ló máa kọ́kọ́ kà á." A ò kọ ọ́. Inú ìwé alẹ́ ló wà.

Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé ìwé kan ní kéèyàn kọ́kọ́ sanwó fún ara rẹ̀ kó tó sanwó fún ẹlòmíràn, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Alájọ ń bọ̀ níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ra oúnjẹ. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀, ìyókù ni tiwọn. Láyé ìyá ìyá mi náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ ẹ̀yin Olóòtú. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé lọ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ kan sọ ohun kan tó kà tàbí tó gbọ́, bó ṣe lò ó, iye tó jèrè tàbí iye tó pàdánù, ní Yorùbá, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní náírà. Mo mọ wẹ́dà kan lọ́nà Gbọ̀ngán tó ní ti ẹ̀ láti sọ, tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Kí ọ̀gá tó kọ ọ̀rọ̀ náà wá jókòó tì wá níjọ́ kan, ká fi ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyẹn dá a lóhùn lórí ìdí tí oníṣẹ́ ọwọ́ kì í fi í lówó. Ìbéèrè kẹta lè kan ọ́fíìsì àwọn kan, ṣùgbọ́n ìyẹn ọjọ́ mìíràn.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dín lẹ́tà yìí kù, ẹ gé ibi tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má gé ibi ìdérí korobá. Ọmọ Ìkìrun ní òun fẹ́ kà á sétí ìyá òun.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláró,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.